Ọwọ́ Ìyá Mi Lórí Ẹsẹ̀ Tó Wú

Mo dìde lórí àga láti lọ bu omi mu, ẹsẹ̀ òsì mi kọ̀. Kì í ṣe pé ó kú bí ẹsẹ̀ tí èèyàn jókòó lé ṣe máa ń kú. Ńṣe ló dà bí ìgbà tí ẹnìkan fi okùn di ẹran ẹ̀yìn ojúgun mi, tó wá ń fà á wálẹ̀. Mo di etí tábìlì mú, mo sì fi ara mi rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ràfíátù, o ti darúgbó." Mo tiro dé ìdí omi, mo mu ìdajì ife, mo padà sídìí kọ̀ǹpútà. Mi ò mọ̀ pé ohun tó fẹ́ pa mí ni mo ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ yẹn.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa kọ ètò sínú kọ̀ǹpútà. Yàrá kan ni mo háyà ní Pobè, àwọn ọ̀gá mi sì wà ní Kútọ̀nù, ojú fóònù la ti ń pàdé. Lákòókò tí mò ń sọ yìí, à ń ṣe ètò kan tí àwọn àgbẹ̀ Yoko àti Takon á fi máa mọ bí àgbàdo àti epo ṣe ń lọ lọ́jà kí wọ́n tó kó tiwọn jáde. Iṣẹ́ náà ti pẹ́, àwọn ọ̀gá ń kánjú, mo wá ń jókòó láti àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Bí mo bá sì kúrò lórí iṣẹ́ wọn, mi ò ní kúrò lórí àga. Iṣẹ́ tèmi ni mo máa bọ́ sí, ìyẹn ayò ọlọ́pọ́n tí mò ń kọ sínú fóònù kí èèyàn lè máa bá ẹ̀rọ ta á. Ẹ̀rọ náà ti ń jẹ mí ní àjẹgbá lákòókò yẹn, inú mi sì ń dùn bí ẹni tí ọmọ rẹ̀ ṣe ipò kìíní níléèwé.

Ọ̀rọ̀ omi náà wà níbẹ̀. Ẹ̀yìnkùlé ni ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wa wà, mo sì ní láti gba iwájú yàrá bàbá onílé kọjá, bàbá náà sì fẹ́ràn ọ̀rọ̀. Bí mo bá mu omi púpọ̀, mo máa tọ̀ púpọ̀, bí mo bá sì tọ̀ púpọ̀, àá kíra wa títí, àá béèrè àlàáfíà ará ilé títí. Mo wá dín omi mímu kù. Ẹ máa rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n dókítà kò rẹ́rìn-ín nígbà tí mo sọ ọ́ fún un.

Ẹ má sì rò pé ọ̀lẹ ni mí. Ní gbogbo àárọ̀ Sátidé, mo máa ń sáré gba ọ̀nà Onigbolo títí eruku ọkọ̀ sìmẹ́ńtì á fi lé mi padà. Mi ò mu sìgá, mi ò sanra, mi ò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Ara mi jẹ́ ohun tí mo fi ń ṣe fáàrí fún àwọn ọ̀rẹ́ mi tó ń mí hẹlẹhẹlẹ bí wọ́n bá gun àtẹ̀gùn. Nítorí náà, nígbà tí Sátidé tún kò, mo so okùn bàtà mi. Mo ní iṣan ló fà, bí mo bá sáré, á tú.

Kò tú. Mi ò tíì rí eruku sìmẹ́ńtì rárá tí ìrora náà fi gbá mi mú, mo sì tiro padà délé. Bí mo ṣe fẹ́ bọ́ ṣòkòtò eré ìdárayá, ẹsẹ̀ ọ̀tún jáde wẹ́rẹ́, tòsì há. Mo jókòó sílẹ̀, mo na ẹsẹ̀ méjèèjì sórí ẹní. Hàà! Òsì tóbi ju ọ̀tún lọ. Awọ rẹ̀ ń dán, ó pọ́n díẹ̀, mo sì fọwọ́ kàn án, ó gbóná bí ẹni pé ibà mú òun nìkan. Ẹnu yà mí tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ń wo ẹsẹ̀ náà bí ẹsẹ̀ àlejò.

Ẹni tó bá ní ìyá, ọ̀dọ̀ ìyá ló ń lọ. Mo gun sẹ́mìjàn, alùpùpù akérò wa, ó gbé mi lọ sí Sakété.

Ó yẹ kí n sọ ẹni tí ìyá mi jẹ́. Aṣọ ló ń tà lọ́jà, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n. Bí obìnrin bá bímọ ládùúgbò wa, òun ni wọ́n ń ránṣẹ́ pè. Á fi omi gbígbóná tẹ ikùn ìyá ọmọ, á wẹ ọmọ, á fi òrí pa á lára, á na apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀, á sì fi aṣọ gbígbóná tẹ orí tó bá gùn jù kó lè rí roboto. Àwọn ọkùnrin tó ti ní irùngbọ̀n, tó ti ní ìyàwó, á dá wọn dúró lójú ọjà, á ní, "Èmi ni mo na ẹsẹ̀ tí o fi ń yan yìí." Wọ́n á sì dọ̀bálẹ̀.

Ó wo ẹsẹ̀ mi, ó pòṣé.

"Kí ló ṣe é?"

"Iṣan ló fà, Ìyá."

"Iṣan wo ló ń fà tó ń wú bí ẹ̀wà tí wọ́n rẹ sómi? Jókòó síbẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n mi Músílíù, tí òun àti ìyàwó rẹ̀ Sàlámọ́tù ń bá ìyá wa gbé, yọjú, ó ní bóyá mo ti tẹ nǹkan burúkú lójú ọ̀nà. Ìyá mi kò tiẹ̀ wo ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó ní, "Nǹkan wo? Àga ló tẹ̀. Àga ìdí ọ̀dínátọ̀ọ̀, kọ̀ǹpútà rẹ̀ yẹn, tó ń jókòó lé látàárọ̀ dalẹ́." Sàlámọ́tù rẹ́rìn-ín, ó di ikùn rẹ̀ mú. Oyún rẹ̀ ti wọ oṣù ìbí. Ní ti àga yẹn, ìyá mi ló gbà á jù nínú gbogbo wa, dókítà gan-an sọ bẹ́ẹ̀ nígbà tó yá.

Omi gbígbóná dé, òrí dé, ọwọ́ ìyá mi dé. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ọrùn ẹsẹ̀, ó ń fi àtàǹpàkò méjèèjì tẹ̀ ẹ́ gòkè díẹ̀díẹ̀ títí dé abẹ́ orúnkún. Ó dùn mí débi pé mo ki aṣọ bọnu. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń parí, ara á tù mí, oorun á gbé mi lọ bí ọmọ tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀. Nígbà tí mo bá jí, ìrora á ti padà. Bẹ́ẹ̀ la ṣe lójoojúmọ́, àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́. Kò sẹ́ni tó sọ pé kí á lọ sílé ìwòsàn. Kí la fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀, nígbà tí ọwọ́ tí gbogbo Sakété ń wá wà nínú ilé?

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ́ ẹsẹ̀ náà tán, ó ń nu òrí kúrò lọ́wọ́. Mo dìde pé kí n lọ wẹ̀. Mo dé ẹnu ọ̀nà, mo mí sínú, kò sí afẹ́fẹ́. Mo tún mí, kò sí. Ọkàn mi ń sáré kìkìkì nígbà tí èmi dúró sójú kan. Nǹkan gún mi ní ìhà ọ̀tún, ó mú bí abẹ́rẹ́ ìránṣọ, ó sì ń gún mi lẹ́ẹ̀kan sí i ní gbogbo ìgbà tí mo bá gbìyànjú láti mí. Mo wúkọ́ sọ́wọ́. Ẹ̀jẹ̀ ni mo rí.

Ojú mi ṣókùnkùn. Ohun tí mo gbọ́ kẹ́yìn ni ohùn ìyá mi: "Yéè! Músílíù! Músílíù o! Ẹ gbà mí, Ràfí ń lọ!"

Aládùúgbò wa kan ló fi mọ́tò rẹ̀ gbé wa. Ní ilé ìwòsàn kékeré tó wà nítòsí, nọ́ọ̀sì fi nǹkan kan há mi níka, ó wo nọ́ńbà tó jáde, ojú rẹ̀ yí padà. Wọ́n fi rọ́bà sí mi nímú kí afẹ́fẹ́ inú àgbá lè máa wọlé sí mi, wọ́n sì ní ilé ìwòsàn ńlá tó wà ní Àjàṣẹ́ ni kí wọ́n gbé mi lọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Nínú ọkọ̀ ìwòsàn yẹn, ìyá mi jókòó sí ìdí ẹsẹ̀ mi. Gbogbo bí ọkọ̀ ṣe ń fò nínú kòtò, ó di ẹsẹ̀ òsì náà mú, ó ń fọwọ́ pa á, ó ń kéwú. Ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe nìyẹn bí ẹ̀rù bá ń bà á.

Wọ́n tẹ́ mi sórí bẹ́ẹ̀dì onítáyà kan ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí èrò kún. Ọkùnrin kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi tí apá rẹ̀ ṣẹ́, obìnrin kan gbé ọmọ tó ń sunkún sí èjìká, gbogbo wọn ń wò mí, mo sì rí i lójú wọn pé wọ́n ti ń ṣàánú ìyá mi. Dókítà dé, obìnrin ni, kò dàgbà púpọ̀ jù mí lọ. Ó ń sọ èdè Gùn, Faransé àti Yorùbá pọ̀. Ó gbé ẹsẹ̀ mi méjèèjì kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ó fi okùn ìwọ̀n yí ọ̀kọ̀ọ̀kan ká. Kò tẹ̀ wọ́n. Ó rí òrí tó ń dán lára awọ mi.

"Ta ló fi nǹkan pa ẹsẹ̀ yìí?"

Ìyá mi nàró. "Èmi ni, dòtóò. Mo wọ́ ọ dáadáa. Àárọ̀ yìí gan-an mo wọ́ ọ."

Dókítà wò ó. Ó yíjú sí nọ́ọ̀sì, ó sọ̀rọ̀ ní Faransé, mo sì gbọ́ ọ yékéyéké: kí wọ́n gbé mi lọ sídìí ẹ̀rọ kíákíá, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fọwọ́ kan ẹsẹ̀ náà mọ́. Mo wo ìyá mi, mo rí i pé òun náà ti gbọ́.

Ẹ̀rọ méjì ni wọ́n fi wò mí. Èkíní ni ekográfì, èyí tí wọ́n fi ń wo ọmọ inú oyún. Mi ò mọ̀ pé wọ́n lè fi wo ẹsẹ̀. Èkejì ni sikanẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ ńlá kan tó rí roboto bíi táyà ọkọ̀ akẹ́rù, tí wọ́n ń ti èèyàn gba àárín rẹ̀ kọjá. Wọ́n á kọ́kọ́ fún ọ ní abẹ́rẹ́ kan tó máa ń jẹ́ kí ara gbóná lójijì láti ọ̀nà ọ̀fun dé ìsàlẹ̀, débi tí o máa rò pé o ti tọ̀ sára. O ò tọ̀ sára. Mo ń sọ ọ́ kí ẹ̀rù má bàa ba ẹni tó bá kàn, torí kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún mi, ojú sì tì mí títí mo fi fọwọ́ kan aṣọ mi.

Ohun tí wọ́n rí nìyí, bí wọ́n ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún mi. Ẹ̀jẹ̀ tó bá sọ̀ kalẹ̀ sí ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ gòkè padà sí ọkàn, ẹran ẹ̀yìn ojúgun ló sì ń tì í gòkè nígbà tí a bá ń rìn. Bí èèyàn bá jókòó pẹ́ jù, tí kò sì mu omi tó, ẹ̀jẹ̀ lè dúró sójú kan nínú iṣan kó sì dì, bí ògì gbígbóná ṣe ń tutù tó ń di ẹ̀kọ. Faransé ń pe ìyẹn ní filebíìtì. Ewu ibẹ̀ ni pé èérún ẹ̀jẹ̀ dídì náà lè já, kó bá ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣàn gòkè, kó gba inú ọkàn kọjá, kó sì lọ dí ọ̀nà nínú ẹ̀dọ̀fóró. Ìyẹn ni wọ́n ń pè ní àǹbolí. Òun ló ń pa ẹni tí ara rẹ̀ le, tí àwọn ará ilé á máa wí pé, "Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bá wa sọ̀rọ̀ tán ni." Tèmi ti já, ó sì ti dé ẹ̀dọ̀fóró mi.

"Irú ẹsẹ̀ báyìí," dókítà wí, ó rọra ń sọ ọ́, "a kì í wọ́ ọ. A kì í tẹ̀ ẹ́."

Ìyá mi dúró ní ìdí ògiri. "Ṣé ọwọ́ mi ló tì í gòkè?"

"Ìyá, mi ò lè sọ bẹ́ẹ̀. Ó lè já nígbà tó ń sáré. Ó lè já fúnra rẹ̀ nígbà tó kàn dìde. Kò sẹ́ni tó lè mọ̀."

Ìyá mi kò gbọ́ ìyókù. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ń wò wọ́n bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọwọ́ ẹlòmíràn pààrọ̀ tirẹ̀. Lẹ́yìn náà ó kì wọ́n sábẹ́ ìborùn rẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń wà ní gbogbo ọjọ́ tí mo lò ní ilé ìwòsàn.

Abẹ́rẹ́ ni ìtọ́jú tí wọ́n kọ́kọ́ fún mi, sí awọ ikùn, àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì sí i. Ó ń ta. Ojú ibẹ̀ á dúdú, á pọ́n, á wá di àwọ̀ ewé tó fẹ́ kú. Èyí tó le jù ni ìbẹ̀rù. Bí oorun bá ń kùn mí, mo máa ta gìrì, mo máa rò pé èérún mìíràn ti já, mo máa di èémí mi mú láti mọ̀ bóyá ó ṣì wà. Mi ò gbàgbọ́ rárá pé èmi ni mo dùbúlẹ̀ síbẹ̀. Èmi tí mò ń sáré ọ̀nà Onigbolo, mi ò lè dá dé ilé ìtọ̀ láìsinmi lẹ́ẹ̀mejì!

Mo sì bínú sí ìyá mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Odindi ọjọ́ kan ni mo fi kọjú sí ògiri, mò ń rò ó pé ọwọ́ tó kọ́kọ́ wẹ̀ mí láyé ló fẹ́ rán mi lọ sọ́run. Èrò yẹn dẹ́rù bà mí ju sikanẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo rí i tó ń gbé àwo kókó, ẹ̀kọ mímu, fún Músílíù pé kó gbé e fún mi, nígbà tó jẹ́ pé òun ló sún mọ́ mi jù. Irọ̀rí mi yẹ̀, ó rí i, ó sì pe nọ́ọ̀sì kó wá tún un ṣe. Ìyá mi tó jẹ́ pé bí mo bá wá sílé, ó máa fọwọ́ pa mí lórí kí ó tó béèrè àlàáfíà! Ìbínú náà kúrò lára mi bí ẹni bọ́ aṣọ. Ohun tí mò ń fẹ́ nígbà yẹn ni kí ó fọwọ́ kàn mí. Mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́.

Wọ́n dá mi sílẹ̀ pẹ̀lú oògùn oníhóró tí mo máa lò fún ọ̀pọ̀ oṣù, mo sì padà sí Sakété. Ẹni tó bá ń lo oògùn yìí gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ kì í tètè dá. Eyín mi ń ṣẹ̀jẹ̀ bí mo bá fi búrọ́ọ̀ṣì líle fọ̀ ọ́, nǹkan oṣù mi sì pọ̀ débi tí mo pe dókítà tẹkúntẹkún. Ó bá mi wá nǹkan ṣe sí i, ẹ̀yin náà ẹ má tijú láti sọ ọ́. Bákan náà, ẹ má mu àgbo tàbí oògùn ara ríro kankan láìbéèrè, nítorí òmíràn nínú wọn ń bá oògùn yìí jà.

Inú ilé yẹn ni mo wà tí Sàlámọ́tù fi bí obìnrin. Gbogbo ilé dùn. Wọ́n gbé omi gbígbóná jáde, wọ́n gbé òrí jáde, wọ́n gbé àpótí ìjókòó sí ẹ̀yìnkùlé bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, wọ́n sì ń retí ìyá mi. Ìyá mi dúró sí ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀.

"Ẹ pe ẹlòmíràn," ó wí. "Ọwọ́ mi kò dáa mọ́."

Gbogbo wa wo ara wa. Ọmọ ọmọ rẹ̀ àkọ́kọ́! Músílíù rò pé àwàdà ni. Ìyá mi ti wọlé, ó ti sé ilẹ̀kùn. Wọ́n pe obìnrin kan láti ìsàlẹ̀ àdúgbò, ó ń gbé ọmọ náà bí ẹni gbé ẹja tútù, ọmọ ń ké, Sàlámọ́tù náà ń sunkún. Láti ọjọ́ yẹn, àwọn tó bímọ ládùúgbò ń ránṣẹ́, ìyá mi ń ní ara òun kò yá. Nígbà náà ni mo wá mọ̀ pé àìsàn yìí ti mú èèyàn méjì nínú ilé wa, ẹnìkan ṣoṣo la sì ń tọ́jú. Bí mo bá rìn padà tí ọwọ́ ìyá mi kò padà, ara mi kò yá.

Ọjọ́ tí mo máa padà lọ rí dókítà, mo bẹ ìyá mi kó sìn mí. Mo fẹ́ kí ó gbọ́ láti ẹnu dókítà pé ẹ̀dọ̀fóró mi ti ń là. Ó gbọ́, ó ní "Alihamudulilai." Nígbà tí a ti ń dìde, ó padà jókòó.

"Dòtóò, ọmọ tuntun ńkọ́? Bí mo bá na ẹsẹ̀ rẹ̀, ṣé ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ náà lè já?"

Omijé bọ́ lójú mi. Ohun tó ti ń gbé kiri nìyẹn! Ó ń bẹ̀rù pé òun máa pa ọmọ Sàlámọ́tù.

Dókítà fi ìwé sílẹ̀. Ó ní, "Rárá, Ìyá. Ẹ wẹ̀ ẹ́, ẹ fi òrí pa á, ẹ rọra na ẹsẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má jù ú sókè, ẹ má sì tẹ orí rẹ̀ mọ́. Orí á tún ara rẹ̀ ṣe."

"Orí tó bá gùn ńkọ́?"

"Ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."

Mo rí i pé ìyẹn dun ìyá mi díẹ̀. Ṣùgbọ́n ó gbà.

Dókítà tún fún mi ní ìbọ̀sẹ̀ kan tó máa ń fún ẹsẹ̀ kó má bàa wú. Àárọ̀ ni wọ́n ń wọ̀ ọ́, kí èèyàn tó sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi bó ṣe le tó. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo bá a jà lórí bẹ́ẹ̀dì títí òógùn fi bò mí, ìbọ̀sẹ̀ kò kọjá gìgísẹ̀. Ìyá mi ń wò mí láti ẹnu ọ̀nà, ọwọ́ rẹ̀ wà lábẹ́ ìborùn.

"Ìyá, ẹ ràn mí lọ́wọ́."

"Kí n pe Músílíù."

"Ọwọ́ Músílíù kọ́ ni mo ní kí ẹ gbé wá."

Kò mira. Ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í ké ní ẹ̀yìnkùlé, obìnrin ìsàlẹ̀ àdúgbò ti dé. Mo ní, "Ìyá, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ wà nínú ilé, orí ọmọ ń wọ́, ẹsẹ̀ ọmọ yín náà wà nílẹ̀ níbí."

Ó pẹ́ kí ó tó wọlé. Ó jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, ó ní "Bísímílàhì," ó mú ọwọ́ jáde. Ó ki àtàǹpàkò bọ inú ìbọ̀sẹ̀, ó ṣí i, ó rọra fà á gba gìgísẹ̀, ó ń fà á gòkè díẹ̀díẹ̀, kò tẹ̀ mí rárá, ó ń wo ojú mi ní gbogbo ìgbà bóyá èémí mi á yí padà. Mo ń mí. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ń mí sókè kí ó lè gbọ́. Nígbà tó dé abẹ́ orúnkún, ó gbé orí lé orí ẹsẹ̀ náà, ó sunkún, èmi náà sunkún. Lẹ́yìn náà ó nu ojú, ó bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé, mo sì gbọ́ tó ń bá obìnrin yẹn wí pé, "Ṣé báyìí ni wọ́n ń gbé ọmọ? Gbé e wá."

Ara mi ti padà báyìí. Mo ń rìn, mo sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í sáré díẹ̀díẹ̀ bí dókítà ṣe gbà mí láyè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé eruku sìmẹ́ńtì kò tíì rí mi. Mò ń mu omi, mo sì ń bá bàbá onílé mi sọ̀rọ̀ tó tẹ́ ẹ lọ́rùn ní Pobè. Ayò orí fóònù mi ti parí: bí èèyàn bá ta á pẹ́ jù, ọmọ ayò á kọ̀, wọn ò ní mira àfi kí olúwarẹ̀ gbé fóònù dìde rìn. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ń bú mi lórí rẹ̀. Kí wọ́n máa bú mi.

Láìpẹ́ yìí ni wọ́n pe ìyá mi sí ọ̀dọ̀ obìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Èmi ni mo bá a gbé igbá òrí. Obìnrin náà ní ẹsẹ̀ kan ń ro òun, kí Ìyá jọ̀wọ́ bá òun wọ́ ọ. Ìyá mi ní, "Na méjèèjì." Ó na méjèèjì sórí ẹní. Ọ̀kan tóbi ju èkejì lọ, ó ń dán. Ìyá mi kó ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sẹ́yìn, ó sì dìde.

"Mi ò ní fọwọ́ kàn án. Ẹ wá mọ́tò."

Ọkọ obìnrin náà bínú, ó ní ṣé nítorí ẹsẹ̀ wíwú lásán ni wọ́n á ṣe máa gbé ìyá ọmọ tuntun lọ sí Àjàṣẹ́. Ìyá mi kò kúrò lójú ọ̀nà títí ọkọ̀ fi dé. Filebíìtì ni. Kò tíì já. Abẹ́rẹ́ ikùn ni wọ́n ń gún un báyìí, ó sì ń fún ọmọ rẹ̀ lọ́mú.

Ẹni tó bá mọ inú rò, á mọ ọpẹ́ dá. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ dókítà àti nọ́ọ̀sì. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ara mi náà, tí mo ti ń lò bí ẹrú tí kò lẹ́nu, tó jẹ́ pé ó ti ń bá mi sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ tí ẹsẹ̀ kọ̀ nídìí àga, èmi ni mi ò dáhùn. Bí ẹsẹ̀ kan bá wú tí èkejì kò wú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wọ́ ọ, ẹ lọ kí wọ́n wò ó.

Bí mo bá sùn sí Sakété, ìyá mi ṣì ń wá wọ ìbọ̀sẹ̀ náà fún mi ní àárọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo ti mọ̀ ọ́n wọ̀ fúnra mi. Mi ò sọ fún un. Bó bá ti fà á dé abẹ́ orúnkún, á fọwọ́ gbá itan mi, á ní, "Dìde, máa rìn."

Mo máa ń dìde.